Ẹni Kẹrin Tí Kì Í Yìnbọn

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn adigunjalè dá mọ́tò wa dúró lójú ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà ni àbúrò mi ọkùnrin ní kí n wá bá òun gbá géèmù ìbọn. Mo wò ó títí. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ jù ú lọ, nínú ilé wa ní Erunmu, ohun tí ìró ìbọn ti sọ mí dà. Tísà ni mí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá gbá ilẹ̀kùn kíláàsì pa, abẹ́ tábìlì ni àwọn ọmọ yóò ti bá mi. Bí Kérésì bá ń bọ̀ tí wọ́n ń yin báńgà ládùúgbò, yàrá ni mo máa ń ti ara mi mọ́, màámi á sì yí rédíò sókè kí orin lè bo ti báńgà mọ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà kò gba àkókò. Èrò márùn-ún la wà nínú mọ́tò, ọ̀sán gangan sì ni. Wọ́n ti gbé igi dínà. Bí awakọ̀ ṣe fẹ́ yí mọ́tò padà ni wọ́n yìnbọn, ẹ̀ẹ̀kan péré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. A já ilẹ̀kùn, a sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Mo dojú bolẹ̀ láàárín ebè. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń gbọ́ ohùn awakọ̀: "Àǹtí, ẹ dákun. Àǹtí, ẹ má fi mí sílẹ̀." Èmi nìkan ni obìnrin nínú mọ́tò náà. Mo gbọ́ nígbà tí àwọn olè gbéra lórí ọ̀kadà wọn tí wọ́n lọ. Síbẹ̀ n kò dìde. Àwọn àgbẹ̀ ló wá gbé e. Kò kú, ṣùgbọ́n itan ni ọta ti bà á, ẹsẹ̀ náà kò sì padà bọ̀ sípò.

Èmi yìí ni àbúrò mi wá bá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi ná," ó ní. "A ti jẹ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan nínú wa ríṣẹ́ sí Ìlọrin. Ìdíje kan ń bọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, wọn kò sì ní gba ẹni mẹ́ta wọlé. Ẹ kàn máa sá pamọ́ síbì kan. Àwa mẹ́ta á ṣe ìyókù."

Bí géèmù náà ṣe rí nìyí. Ọkọ̀ òfurufú á já gbogbo yín sórí erékùṣù kan, ní ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ó wá ìbọn, ẹ ó máa bá ara yín jà títí yóò fi ku ikọ̀ kan ṣoṣo. Bí ọta bá ba ẹnì kan, kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á ṣubú, á máa rákò. Bí ará ikọ̀ rẹ̀ bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó sì fọwọ́ tẹ àmì kan lójú fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á dìde. Bí kò bá sẹ́ni tó wá, ó parí fún un nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ dán an wò, lẹ́yìn tí mo fọṣọ tán. Àbúrò mi gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ ní pálọ̀, ó fi ibi tí màá fọwọ́ kàn kí n tó lè rìn hàn mí. Mo rìn. Koríko wà níbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀, ojú ọjọ́ sì dára. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ibẹ̀ mà lẹ́wà nígbà tí ẹnì kan yìnbọn láti ojú fèrèsé. N kò mọ ìgbà tí mo ju fóònù nù. Abẹ́ àga ni àbúrò mi ti lọ mú un. Èmi ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo fara ti ògiri, òógùn bò mí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," ó ń sọ ọ́ léraléra. "N kò rò ó jinlẹ̀. Ẹ má bínú."

Màámi yọjú láti ilé ìdáná, ọmọrogùn wà lọ́wọ́ wọn. "Kí lo fún un wò? Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fún un wò?"

Ó fi fóònù náà pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Inú ló wá bí mi. Ọjọ́ Àìkú ni, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ń wàásù, èmi ń ro gbogbo ohun tí ẹ̀rù ti gbà lọ́wọ́ mi. N kì í lọ sí Ìyànà Ọ̀fà mọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ pè wá sí, n kò lọ. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà, n kò lọ, ojú ọ̀nà ni mo ń sá fún. Nísinsìnyí, ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré náà tún fẹ́ kún un. Nígbà tí a délé, mo bi àbúrò mi léèrè:

"Ohùn yẹn, ṣé ó ṣeé pa?"

Ó ṣeé pa. Ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dín ohùn ìbọn inú géèmù náà kù títí kò fi ju kí èèyàn fi èékánná kan tábìlì lọ. Lẹ́yìn náà ó tan ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ kò lò rí. Bí ẹnì kan bá ń rìn nítòsí, àmì àtẹ́lẹsẹ̀ á hàn létí ojú fóònù, ní apá ibi tí ẹni náà wà. Bí ìbọn bá dún, àmì ọta pupa á hàn. Ó ní nítorí àwọn tí kò gbọ́ràn ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Mo wá ń fi ojú rí ohun tí n kò lè fi etí gbọ́. Àyà mi ṣì ń já, ṣùgbọ́n fóònù kò bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́.

Yínyìnbọn ló kù, ìyẹn ni n kò sì lè ṣe. Bí mo bá ti rí ènìyàn níwájú mi, àtàǹpàkò mi á dúró lókè àmì ìbọn náà, kò ní sọ̀ kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan la ti máa ń pàdé lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde. Télọ̀ náà, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ni olórí ikọ̀ wa. Bó ṣe ń ki àlùmágàjí bọ aṣọ láìfa ilà ló ṣe ń pàṣẹ nínú géèmù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í tún un sọ. Ẹni kẹta ni mẹkáníìkì ọ̀kadà kan. Òun ló mọ ìbọn yìn jù nínú wa, òun náà ló kọ́kọ́ sọ pé n kò wúlò.

"Àǹtí Tísà," ó ní, "ìbọn la fi ń gbá géèmù yìí. Ẹni tí kò bá yìnbọn, ẹrù ni fún àwọn yòókù."

N kò bá a jiyàn. Òótọ́ ni.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, ó sáré wọ ilé kan láìdúró dè wá, wọ́n sì dá a dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó ń rákò lẹ́yìn ògiri, ó ń pariwo: "Mo ti ṣubú o! Ta ló wà nítòsí?"

Èmi ni mo wà nítòsí. Mo rí àmì ọta lọ́tùn-ún, mo rí àmì àtẹ́lẹsẹ̀ lósì. Bọ́ǹbù èéfín méjì wà nínú àpò mi, mo kàn ṣà wọ́n nílẹ̀ ni. Mo ju ọ̀kan. Èéfín funfun bo ẹnu ọ̀nà. Mo dojú bolẹ̀, mo rákò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo tẹ àmì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ. Ó gùn. Ní mẹ́rin, ọta ń fọ́ ògiri lókè orí wa. Ní méjì, mo dijú. Nígbà tí mo fi máa lajú, ó ti dìde, ó ń sáré lọ.

"Ẹ ṣeun o, Àǹtí!" ó ní, bí ẹni tí wọ́n bu omi fún.

Mo gbé fóònù lé orí aṣọ tí télọ̀ ń rán, mo jáde, mo sì sunkún lẹ́bàá gọ́tà títí ojú fi ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé mi jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà mo ní kí àbúrò mi sìn mí dé ilé awakọ̀ tí ìbọn bà lójú ọ̀nà lọ́jọ́sí, ní abúlé kan ní Lágelú. N kò tíì dé ibẹ̀ rí. Abẹ́ igi la ti bá a, ó ń bó àgbàdo, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ẹ pè mí lọ́jọ́ náà," mo ní. "Mo gbọ́ yín. N kò wá."

Ó yí àgbàdo kan lọ́wọ́. "Èmi?" ó ní. "N kò rántí pé mo pe ẹnikẹ́ni. Òùngbẹ ni mo rántí."

N kò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ó sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn. Ó ní kí ìyàwó òun di àgbàdo fún wa. A gbà á, a dúpẹ́, a sì lọ sílé.

Láti ìgbà náà mo sọ iṣẹ́ yẹn di tèmi. Èmi ni mo ń kó oògùn, èmi ni mo ń kó èéfín, mo tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ inú géèmù náà. Olórí wa yí ọ̀nà tí à ń gbà jà padà nítorí mi. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀yìn wo ẹlòmíì. Ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ju ibi tí Àǹtí lè sáré dé lọ. Mẹkáníìkì ráhùn, ṣùgbọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í borí.

Àárọ̀ Sátidé ni ìdíje náà bọ́ sí, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìyànà Ọ̀fà. Nígbà tí mọ́tò wa kọjá ibi tí wọ́n ti gbé igi dínà lọ́jọ́sí, àbúrò mi fi èjìká rẹ̀ ti tèmi. A dé ibẹ̀ láyọ̀. Kí la rí? Sípíkà méjì tó ga tó ènìyàn, wọ́n so wọ́n mọ́ géèmù kí àwọn òǹwòran lè gbádùn. Bí wọ́n ṣe dán wọn wò, ìbọn dún. Abẹ́ tábìlì ni mo bá ara mi.

Olórí wa lọ bá ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ètò. "Ẹ dákun, ẹ bá wa dín ohùn yẹn kù."

"Ìbọn ni èrò wá gbọ́ níbí," ọ̀dọ́kùnrin náà ní. "Ṣé ẹ wá gbá géèmù ìbọn kẹ́ ẹ tún máa sá fún ìbọn ni?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Olórí wa kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé tábìlì wa lọ sí igun ẹ̀yìn, ó tú ìborí orí rẹ̀, ó sì fi dì mí létí gbọnyingbọnyin.

"Ojú nìkan lẹ nílò," ó ní. "Bí mo bá fẹ́ pè yín, màá fi ẹsẹ̀ kàn yín."

Ìpele méjì ni ìdíje náà. Ní ìpele kìíní, a gbé ipò kejì. Olùdarí ètò wá ń ka iye ènìyàn tí olúkúlùkù pa. Mẹkáníìkì, mẹ́sàn-án. Olórí, mẹ́fà. Àbúrò mi, mẹ́rin. "Ẹni kẹrin, òdo!" Gbọ̀ngàn tún rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni adájọ́ wá bá wa. Àgbàlagbà ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ awò ojú, ìwé òfin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wo òfin keje," ó ní. "Ikọ̀ tí ẹnì kan nínú rẹ̀ bá fi òdo parí ìdíje kò ní gba ipò kankan. Àwọn kan ló ń kó ènìyàn lásán wá tẹ́lẹ̀ láti fi pé mẹ́rin."

Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà ni mẹkáníìkì lóṣòó síwájú mi. Ó tú ìborí náà kúrò létí mi díẹ̀. "Àǹtí, ẹnì kan péré. Èmi ni màá lé e wá bá yín. Ẹ kàn fọwọ́ kàn án. Wọn kì í ṣe ènìyàn. Àwòrán ni."

"Mo mọ̀," mo ní.

Ní ìpele kejì, ó ṣe bó ṣe wí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lé ènìyàn jáde wá síwájú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àtàǹpàkò mi dúró lókè bí ẹni pé iná ló wà nísàlẹ̀, tí ẹni náà sì sá lọ. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta kò lé ẹnikẹ́ni wá mọ́. Ó bínú wọ àárín àwọn ọ̀tá, wọ́n pa á síbi tí n kò lè dé. Wọ́n pa àbúrò mi náà láìpẹ́. Ó wá ku èmi àti olórí, àti àwọn méjì láti inú ikọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù. Olórí pa ọ̀kan. Èkejì yìnbọn lù ú, olórí sì ṣubú sẹ́yìn ọkọ̀ kan tó ti dojú dé.

Ẹni tó kù náà ti fara gba ọta. Ó lóṣòó lẹ́yìn òkúta kan, ó ń di ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ sí mi. Kò jìnnà sí mi ju bí ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi ṣe jìnnà sí pátákó lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Igbe wọn ń wọlé sí mi létí láti abẹ́ aṣọ bí òjò orí páànù. Mo gbọ́ ti àbúrò mi láàárín rẹ̀: "Ẹ yìnbọn fún un! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ yìnbọn!"

Mo gbé ìbọn sókè. Mo fi ojú ìbọn sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Lápá òsì ojú fóònù, ìlà tó ń fi iye ẹ̀jẹ̀ tó kù lára olórí wa hàn ń kúrú lọ. Kò pè mí. Kò fi ẹsẹ̀ kàn mí. Ó kàn sún mọ́ etí mi, ó ní: "Èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe."

Mo ju èéfín sáàárín èmi àti ọkùnrin náà, mo sì sáré lọ bá olórí. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Ọkùnrin náà di ọgbẹ́ rẹ̀ tán, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn wọ inú èéfín. Ní mẹ́fà, ó bà mí. Ní mẹ́ta, ó tún bà mí. Ẹ̀jẹ̀ mi kù bí òwú. Àwọn àmì pupa bo gbogbo etí fóònù, ṣùgbọ́n n kò gbé ọwọ́ kúrò. Olórí dìde. Ó yọ láti apá ọ̀tún èéfín, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Àwa la ṣẹ́kù. Àbúrò mi gbá mi mọ́ra. Èrò ń pariwo. Ariwo náà kò tíì rọlẹ̀ tí adájọ́ fi gbé ìwé rẹ̀ sókè.

"Ẹni kẹrin, òdo," ó ní. "Kò sí ipò."

"Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Àǹtí gbé wa dìde," ni olórí wa wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ kà á, ó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé èmi nìkan dìde. Ṣé ènìyàn lásán nìyẹn?"

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mo rí i, ọmọ mi. Òfin ni kò rí i."

Ọwọ́ òfo la fi padà sílé. Nínú mọ́tò, mẹkáníìkì kọjú síta. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé Erunmu ló tó sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí a má parọ́ fún ara wa. Kì í ṣe àánú. Ẹ̀rù ló bà yín."

Títí di òní, n kò lè sọ bóyá ó purọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ẹsẹ̀ mi gbéra, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣubú ló gbà lọ. Mẹkáníìkì bọ́ sílẹ̀, kò kí wa, kò sì wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. A gbọ́ pé ó ti bá ikọ̀ mìíràn lọ.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, olórí wa wá bá mi nílé ìwé ní àkókò ìsinmi. "Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé kọ," ó ní. "Ẹ kọ ẹjọ́ wa sí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdíje náà."

Mo kọ ọ́. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi sá pamọ́ sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí wọ́n fún ẹni tó ń gbé ènìyàn dìde ní máàkì, kí wọ́n sì dín ohùn sípíkà kù fún ẹni tí kò lè fara dà á. N kò fẹ́ sọ ti ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ níkẹyìn, ní ìlà méjì.

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló mú un wá, ó jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìgbìmọ̀. Ẹnì kan bi wọ́n pé ṣé ayò ọlọ́pọ́n ni wọ́n ń gbá ni. Wọ́n gbà pé bí ẹnì kan bá gbé ènìyàn méjì dìde, máàkì ẹni tó pa ẹnì kan ni yóò gbà. Wọ́n yọ òfin keje. Sípíkà ni wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, torí òun ló ń pe èrò. Ṣùgbọ́n wọ́n á ṣí yàrá kan tí kò ní sípíkà.

Mo rò pé èmi nìkan ni màá jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ìdíje mìíràn dé, mọ́kànlá la jẹ́ nínú yàrá náà. Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ gààrí ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ fóònù sórí tábìlì, ọkọ̀ nìkan ló ń wà fún ikọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tí kò gbọ́ràn rárá jókòó tì mí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwọn àmì etí fóònù, ó sì ń rí ọ̀tá kí èmi tó rí wọn. Àwa àti ọmọ iṣẹ́ olórí wa tó rọ́pò mẹkáníìkì la gbé ipò karùn-ún. Inú bí olórí wa títí a fi délé.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, mẹkáníìkì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, epo wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọlé. Ó kí gbogbo wa. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀.

"Àǹtí Tísà," ó ní, "níbi tí mo wà báyìí, bí mo bá ṣubú, kò sẹ́ni tó ń yà sọ́dọ̀ mi." Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń ju èéfín yẹn."

Olórí wa kò gbójú sókè lára máṣíìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan síwájú fún un. Ó jókòó. Mo ní kí ó ṣí géèmù náà, kí ó sì kọ́kọ́ gbé gbogbo ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kí ó bọ́ bàtà nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé wọn sílẹ̀.